Erin Aláṣọ Ṣẹ́dà

Aago mẹ́rin ààbọ̀ péré ni, ilẹ̀ ti ṣú.
Bí Oṣù Kejìlá ti rí nìyẹn létí odò Áísẹ̀lì:
òkùnkùn kì í jẹ́ kí ọ̀sán jókòó dáadáa
kó tó lé e dìde.
Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta,
tèmi, ti Jikke ọmọ mi,
àti ti bàbá mi, Wiebren,
ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé
láìsan kọ́bọ̀.
Ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ ọ́n.
Ó tẹ òǹtẹ̀ sí i lẹ́yìn ọwọ́
bó ṣe tẹ̀ ẹ́ sí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Inú ọgbà ń tàn yòò.
Labalábá tó fẹ̀ ju ilé wa lọ ń pajú dé, ó ń là á;
àgùnfọn pupa na ọrùn sáàárín ẹ̀ka tí kò léwé;
ìgò oògùn kéékèèké ni wọ́n fi ṣe ìrù ọ̀kín,
omi aláwọ̀ ewé wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Jikke ń kà wọ́n. Ó dé ogójì,
ó ṣìkà,
ó tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹranko gidi ti wọlé sùn.
Òórùn wọn nìkan ló kù níta,
koríko gbígbẹ, ìtọ̀, irun tútù.
Bàbá mi fà á símú, ó dúró.
"Àwọn ìkookò ò tíì jẹun," ló wí.
Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kó ìkookò kúrò níbẹ̀.
N kò fèsì.

A yà níbi tí wọ́n ti ń ta ṣokoléètì gbígbóná,
ó sì yọ sí wa: erin, erin lákátabú,
ṣẹ́dà lawọ, wáyà leegun,
etí ń fẹ́ bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́,
ẹ̀rọ kan ń han wíí, wíí, nínú ọrùn rẹ̀.
Wọ́n ní bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.
Bàbá mi wò ó títí.
"Èyí kì í ṣe Mirthe."
Kì í ṣe òun, Bàbá.
"Etí òsì Mirthe ya, níbi tó ti há sírin."
Ó ya lóòótọ́.
"Ta ló wá tan iná sí eléyìí nínú?"

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni iná ẹsẹ̀ iwájú ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó kú.
Erin dúró lẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú òtútù.

Ọkùnrin kan gbé àkàsọ̀ dé, ẹ̀wù lórí ẹ̀wù,
"Tang" ni wọ́n kọ sí i láyà;
láti Ṣáínà lòun àti àwọn àtùpà ti jọ wá.
Kò gbọ́ èdè wa, àwa náà ò gbọ́ tirẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò bẹ bàbá mi,
ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó di ìdí àkàsọ̀ mú,
ọwọ́ tí kì í lè de bọ́tìnì mọ́
kò gbọ̀n.
Ó fi ìkejì kan itan ṣẹ́dà,
ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo,
èyí tó máa ń sọ láràárọ̀ fún Mirthe
kó lè gbẹ́sẹ̀ sókè, kó wo èékánná rẹ̀.

Wáyà kan wáyà lókè.
Ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Jikke pàtẹ́wọ́. Tang rẹ́rìn-ín láti òkè àkàsọ̀.
Bàbá mi nìkan ni kò yà lẹ́nu.
Ó ń wá búrẹ́dì nínú àpò,
àjákù tíkẹ́ẹ̀tì ló bá níbẹ̀;
ó tẹ́ ẹ sátẹ́lẹwọ́, ó nà án sí ọwọ́jà erin,
ó dúró dè é
títí òjò wínníwínní fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Jikke bi í bóyá erin náà máa sùn
tí wọ́n bá paná.
"Lóòró," ló dáhùn. "Ìwọ̀nba ni."
Ó tún yíjú sí mi:
ṣé mo rántí ti ilẹ̀kùn?
Mo ti tì í, Bàbá.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí kọ́kọ́rọ́.